Nọ́ọ̀sì Tó Kọ́ Èdè Ígálà

Ọmọ bíbí Àpòmù ni Fọláṣẹwà Akínbíyì, nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú kékeré kan lẹ́bàá Wásinmi. Ohun tó mọ̀ nípa àwọn Ígálà kò ju pé wọ́n ń bá àwọn olóko kòkó ṣiṣẹ́ lọ. Bí àwọn obìnrin wọn bá gbé ọmọ wá, gbogbo ohun tó bá sọ ni wọ́n ń mi orí sí: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, obìnrin Ígálà kan tó ń jẹ́ Ufẹdọ sáré gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà ti rọ jọwọrọ. Oògùn ibà tí Fọláṣẹwà ní kó lò fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ti fún un mu tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọmọ náà tó lajú, tó wá ọyàn.

"Ṣebí mo ṣàlàyé fún un," ni Fọláṣẹwà ń wí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò gbà. Òun sọ̀rọ̀ ni. Òun ò ṣàlàyé.

Ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Titus, ọ̀gá wọn, pé òun máa kọ́ èdè náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn ló wá bá wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ Yorùbá."

"Wọ́n á kọ́ ọ, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ò lè dúró de ìgbà yẹn."

Nígbà tó di Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ sí abà tí Ufẹdọ ń gbé, lẹ́yìn Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Ufẹdọ, ó rò pé ìjà ló bá wá. Fọláṣẹwà fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó ń bá a ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó na ìka kan sókè, ó ní kó kà á fún òun.

"Ínyẹ, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀lẹ, ẹ̀lú, ẹ̀fà…"

"Dúró ná! Èwo ni èjì?"

Ufẹdọ na ìka méjì. Fọláṣẹwà yáa nawọ́ sí garawa.

"Omi," ni Ufẹdọ wí.

"Omi?"

"Omi!"

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Fọláṣẹwà ti mọ̀ pé ohùn ará Ìkirè àti ti ará Ifẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ra wọn yé. Kò mọ̀ pé a tún ní ẹbí tó jìnnà tó báyìí.

Ìjọra yẹn náà tún ń tàn án jẹ. Lọ́jọ́ kan, ó rò pé orúkọ etí lòun ń pè, àwọn obìnrin abà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Títí dòní, wọn ò tí ì sọ ohun tó pè fún un. Òjò pa á lọ́nà, ọkọ rẹ̀ ní kó máa sinmi lọ́jọ́ Sátidé. Kò dáwọ́ dúró. Òjò ọdún méjì ló rọ̀ lé e lórí.

Lọ́dún tó kọjá, aláboyún kan jókòó níwájú rẹ̀, ó ń mi orí. Fọláṣẹwà fi Ígálà bi í pé kí ló ń dùn ún. Omijé bọ́ lójú obìnrin náà. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin rèé tí orí ti ń fọ́ òun, tí ojú òun ń ṣú. Nígbà tí Fọláṣẹwà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ga débi tó lè pa ìyá àti ọmọ, ó ní ọsibítù ni kí wọ́n máa lọ. Ọkọ obìnrin náà ní àwọn ń padà sóko. Fọláṣẹwà dí ẹnu ọ̀nà, ó fi èdè wọn là á yé e, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọkùnrin náà fi gbé báàgì ìyàwó rẹ̀. Ọkọ̀ Titus ló gbé wọn dé ọsibítù ní Gbọ̀ngán. Ìyá yè, ọmọbìnrin rẹ̀ yè.

Lóṣù tó kọjá, Titus bá Fọláṣẹwà lórí ìwé kan. Èdè Àgátú ni, ti àwọn òṣìṣẹ́ oko mìíràn tó ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wọn.

"Ṣé ẹbí wa làwọn yìí náà?"

"Tiwọn ò jọ tiwa rárá, sà. Èyí máa le." Ó ṣí ojú ewé tuntun.