Ọ̀bẹ Tí Kò Ní Ṣóńṣó

Láti ọjọ́ tí àwọn olè ti dá wa lọ́nà lójú títì Àgọ́-Ìwòyè, tí ọ̀kan nínú wọn fi àdá ṣá mi lápá, n kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń ya búrẹ́dì. Rínrin ni mo ń rin ilá. Bí iṣu bá wù mí jẹ, mo ní láti dúró de ọ̀rẹ́ mi kó wá bá mi bẹ ẹ́. Ọmọ Efire ni, ẹja ló ń yan tà lẹ́yìn ilé wa, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Àǹtí," ó wí lọ́jọ́ kan, iṣu mi lọ́wọ́ rẹ̀, "bí mo bá kú, gààrí lẹ ó máa jẹ títí di ọjọ́ àjíǹde nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ̀bẹ. Kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Mo kàn fẹ́ rí ìgbà náà gan-an tí irin ń di ọ̀bẹ. Mo rò pé bí ó bá ṣojú mi, bóyá ẹ̀rù á fi mí sílẹ̀.

Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ń ṣe alágbẹ̀dẹ ní Japara. A gun ọ̀kadà lọ bá a ní ọjọ́ Sátidé kan.

"Àrọ̀yè o," la kí i.

Nígbà tí a sọ fún un pé a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa rọ ọ̀bẹ, ó fún wa ní abala irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì jókòó láti wò wá bí ẹni ń wo eré. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún wa: nínú àgbẹ̀dẹ òun, ẹnikẹ́ni kì í na ọ̀bẹ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá lò ó tán á gbé e sílẹ̀, ẹni kejì á mú un nílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà á dé.

Ọ̀rẹ́ mi ń fẹ́ ẹwìrì, èmi di ẹ̀mú mú. Àmọ́ nídìí ẹja yíyan, iná tó bá ń jó fòfò, ọ̀tá ni. Èéfín ni wọ́n ń fẹ́. Bí iná bá ti fẹ́ ràn, ọ̀rẹ́ mi á wọ́n omi sí i. N kò mọ̀ pé kò dára. A fa irin náà jáde ní dúdú, a sì ń lù ú kíkankíkan, títí orí rẹ̀ fi là.

Bàbá alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà ni? Ẹja kọ́ nìyí o! Ẹ jẹ́ kó pọ́n!"

Nígbà tó pọ́n, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ibi tó là kò ṣeé tún ṣe mọ́. A gé e kúrò, ọ̀bẹ wa sì di kúńdú, kò ní ṣóńṣó.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi èyí la ikùn ẹja?" ọ̀rẹ́ mi ké.

Mo ń ṣọ́ ara mi ní gbogbo àkókò yìí. Irin náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rù kò bà mí. Ó wọ inú omi, ó ké ṣììì, ẹ̀rù kò bà mí. A fi ìdí rẹ̀ gbígbóná gún igi tí a fẹ́ fi ṣe èèkù, òórùn igi náà dùn mọ́ mi. Kódà nígbà tí a pọ́n ọn lórí òkúta títí ojú rẹ̀ fi mú, mo ṣì ń tẹjú mọ́ ọn.

"Àǹtí, ẹ wò ó!" Ọ̀rẹ́ mi gbé e sókè, ó nà án sí mi.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Irin kan náà tí mo ti ń lù láti àárọ̀! Àṣé ọwọ́ tó gbé e sókè ni mo ń bẹ̀rù.

"Kí ni mo wí?" Bàbá jágbe mọ́ ọn. Kò mọ nǹkan kan nípa apá mi; òfin rẹ̀ ló ń rò. "Gbé e sílẹ̀!"

Ó gbé e sílẹ̀. Ọ̀bẹ náà wà nínú eérú, kò kọjú sí ẹnikẹ́ni. Mo rọra padà wọlé, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan èèkù rẹ̀. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo mú un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bẹ iṣu. Èèpo náà nípọn débi pé ọ̀rẹ́ mi bi mí bóyá ère ni mo ń gbẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀bẹ náà wà. Mo ṣì ń tì í mọ́nú àpótí kí n tó sùn, bí ọ̀rẹ́ mi náà bá sì fẹ́ lò ó, ilẹ̀ ni mo ń gbé e sí fún un.