Lẹ́tà Ọpẹ́ Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Òórùn kajú tó ń jó kò jọ òórùn igi mìíràn. Èéfín rẹ̀ máa ń ta ojú bí ata, á wọ inú aṣọ lọ, á sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Òórùn yẹn ni mo fi mọ̀, ní ọjọ́ kejì Kérésì ọdún náà, kí ẹnikẹ́ni tó wá pè mí, pé oko ìyá mi ló ń jó. Ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin kajú yẹn sí ọ̀nà Ògìdì. Ó pọ̀n mí sẹ́yìn, ó ń gbẹ́ kòtò. Nígbà tí ó sì kú, oko yẹn nìkan ló fi sílẹ̀ tí mo lè fọwọ́ kàn. Àwọn igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òdòdó ni. Ìgbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ọyẹ́ ti gbé iná náà kọjá, ohun tó ṣẹ́kù kò ju kùkùté dúdú lọ.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń dáná sungbó ní apá ibẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ni. Bí koríko bá ti gbẹ, á ṣáná sí i kí ọ̀yà lè sá jáde. Mo pè é síwájú àwọn àgbà àdúgbò wa ní Kàbà. Ó dé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní ilé àwọn àna òun ní Iffe lòun wà lọ́jọ́ náà. Mo ní irọ́ ni. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà," ó ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Iná kì í kọ orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹ lọ wá ẹlẹ́rìí wá."

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju iná lọ. Àwọn àgbà ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹlẹ́rìí, kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo dúpẹ́, mo dìde, ṣùgbọ́n n kò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

Ilé-ìwé wọlé ní oṣù kìíní. Àwọn ọmọ dé pẹ̀lú ètè tó ti là, ẹsẹ̀ wọn funfun bí ẹni tó rin inú eérú kọjá. Àwọn tí ìyá wọn ráyè gbọ́ tiwọn sì ń dán fún òrí. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó fẹ́ràn ìpàdé, kó gbogbo tíṣà jọ. Ó ní ìjà àwọn ọmọ ti pọ̀ jù ní táàmù tó kọjá. Kí oníkálukú fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kọ́ wọn ní inúure, kí ó sì kọ́ wọn ní lẹ́tà kíkọ mọ́ ọn. Mo ní, "Ó dáa, sà," ohùn mi sì tutù débi pé ó yìn mí níwájú àwọn yòókù. Kò mọ ohun tí mo ń rò. Ọmọbìnrin ọkùnrin ọlọ́yà yẹn wà ní kíláàsì mi, ní bẹ́ǹṣì kejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọmọ jẹ́jẹ́, tí ìkọ̀wé rẹ̀ máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọjọ́ tí a wọlé gan-an ni mo rí ojú egbò iná tó ń jinná lọ ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní omi gbígbóná ni, ó sì wolẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. N kò tíì rí ẹni tó fi ẹ̀sọ̀ mú nǹkan bí mo ṣe fi mú ọmọ yẹn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mo kọ́ kíláàsì náà ní inúure bí ẹni tí wọ́n rán láti ọ̀run. Wọ́n ń bá ara wọn gbé báàgì, wọ́n ń pín àkàrà, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ ní "okun o" láàárọ̀ ni mo ń pàtẹ́wọ́ fún. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ wọn bí a ti ń kọ̀wé, mo sì kọ́ wọn dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ara mi. Mo ní kí wọ́n má kàn kọ pé nǹkan dára. Kí wọ́n kọ ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, òórùn tí imú gbọ́. Ọjọ́ wo ni, ibo ni, ta ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wò mí nígbà náà á ní tíṣà rere rèé. Èmi sì rèé, ẹlẹ́rìí mi ni mo ń tọ́ dàgbà.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó parí ọ̀sẹ̀ kejì, mo kọ ọ́ sí pátákó pé kí oníkálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tó ṣe é lóore nígbà ìsinmi Kérésì.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Àńtí, bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Oore wo ni ewúrẹ́ ṣe ọ́?"

"A pa á jẹ lọ́jọ́ Kérésì, ma."

Kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. "Kọ ọ́ sí i," mo ní, "bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lè kà á mọ́."

Lábẹ́ ẹ̀rín yẹn ni mo rìn lọ sí bẹ́ǹṣì kejì. Ọmọ náà ti kọ ìlà méjì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó ra bàtà fún un.

"Bàtà?" Mo bẹ̀rẹ̀, mo sún mọ́ ọn. "Gbogbo bàbá ní í ra bàtà. Kò sí èyí tó ju bàtà lọ tí wọ́n ṣe fún ọ?"

Ó wo ìlà méjì tó ti kọ. "Ó wà, ma."

"Kọ ọ́."

"Màmá mi ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́."

"Sísọ ni wọ́n ní o ò gbọdọ̀ sọ. Ṣé wọ́n ní o ò gbọdọ̀ kọ ọ́ ni?"

Ó rò ó wò. Irú ọmọ tó gbà pé tíṣà kò lè tan òun ni. Ó pa ìlà méjèèjì rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ ní igun ẹnu. Ohun tó kọ rèé:

"Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun fún ọjọ́ kejì Kérésì. Nígbà tí ẹ ṣáná sí koríko tí ọ̀yà sá jáde, mo ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ yí padà, iná wá sọ́dọ̀ wa, ó ń dún bí ìgbà tí òjò ń bọ̀ lórí páànù. Mo ṣubú. Ẹ ju àdá sílẹ̀, ẹ ju ọ̀yà méjèèjì sílẹ̀, ẹ gbé mi pọ̀n, ẹ gba inú oko kajú Tíṣà sá. Òdòdó kajú ń já lé wa lórí, iná wà lára wọn. Ẹ ń sọ pé má wẹ̀yìn, má wẹ̀yìn. Àyà yín ń lù, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn yín. Ẹ ò rí ọ̀yà mú wálé, ṣùgbọ́n ẹ mú èmi wálé. Èmi ọmọ yín."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, tíṣà ló kà á, inú tíṣà sì dùn pé ọmọ ti mọ̀ ọ́n kọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ ìyá mi ló kà á. Mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo sì ki ìwé rẹ̀ bọ inú báàgì mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà pé jọ. Mo ní mo ti rí ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin náà tún na ẹsẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà jẹ́jẹ́, bí mo ti máa ń kàwé fún kíláàsì, mo ń dánu dúró níbi tó yẹ. Nígbà tí mo dé ibi iná ṣíṣá, ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Nígbà tí mo dé ibi àdá, ó gbórí lé ọwọ́. Mo ti ń retí kó ní ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń kọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Tíṣà, ta ni ọmọ náà kọ lẹ́tà yẹn sí?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ fún mi ní lẹ́tà mi, nígbà náà."

Mo ní kò tíì yá. Àwọn àgbà dájọ́ pé kó tún gbogbo oko náà gbìn, kó sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí lójú gbogbo èèyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó wà nílẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀san náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ ẹran ìsàlẹ̀ àwo, n kò fẹ́ kó tán. Ìyá arúgbó kan ló sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ mi, ó tó o. Ilẹ̀ kì í ṣe ibùsùn." Ìgbà yẹn ni mo tó ní kó dìde, tí mo sì na ìwé náà sí i. Ó yọ ojú ewé yẹn, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò àyà, ó sì dá ìyókù ìwé padà fún mi. Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ọmọ tuntun.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé-ìwé ṣáájú mi. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ wọn nípa ilé. Nígbà tí mo gba ìwé jọ, àtẹni tó mọ̀ ọ́n kọ àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ohun kan náà ni wọ́n kọ: ara wa le, a jẹun, a sùn. Ọmọ elẹ́wúrẹ́ kọ pé àwọn kò ní ewúrẹ́ rí. Mo pè é. Ó ní, "Àńtí, màmá mi ní ọ̀rọ̀ ilé wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé." Ọmọ bẹ́ǹṣì kejì kọ ọjọ́ sókè ojú ewé, kò kọ nǹkan mìíràn. Kí Àjíǹde tó dé, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Mopa. N kò tún rí lẹ́tà gidi kan gbà ní kíláàsì yẹn títí ọdún fi parí.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Kajú tí ọkùnrin náà gbìn ti ń so. Ó gbìn wọ́n dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Èmi àti òun kì í kí ara wa. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ ilé-ìwé gbé mi dé Mopa, ọ̀dọ́bìnrin kan sì kúnlẹ̀ níwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Okun o, ma. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀, ó béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Gbogbo inúure tí mo fi dẹ pàkúté fún un, ó gbà á gbọ́, ó sì ń fi ṣèwà hù. Mo bi í bóyá ó ṣì ń kọ̀wé.

"Mo ń kọ, ma," ó ní, ó rẹ́rìn-ín. "N kì í fi han ẹnikẹ́ni ni."

N kò kábàámọ̀ pé bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀san dùn, ẹni tó bá ní kò dùn kò tíì gbà á rí. Bí wọ́n bá tún jó oko ìyá mi lónìí, inú mi kò ní rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí mo bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, tí mo dé orí èyí tó mọ́ tónítóní, tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, bírò mi máa ń dúró. Mo máa ń mọ̀ pé ọmọ yìí rí nǹkan kan tí kò kọ. N kì í bi í mọ́.