Ojú Ìsàlẹ̀ Kámẹ́rà Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò sí ẹni tó lè mú mi jókòó sójú kan. Ìyá mi a máa sọ pé ńṣe ni mo máa ń jókòó bí ẹni tí ìjàlọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí kámẹ́rà àtijọ́ méje tí mo tò sórí pẹpẹ, tí ẹ ń bi mí léèrè ohun tí arúgbó ń fi wọ́n ṣe nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ẹ jókòó díẹ̀. Èmi náà á gbìyànjú láti jókòó.

Nọ́ọ̀sì ni bàbá mi ní Kétu, lódìkejì ibodè sí Ìmẹ̀kọ, ní àwọn ọdún tí ìjọba sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa, tí a ń pe olùkọ́, ọlọ́pàá àti alápatà ní kamaráàdì. Ó ní kámẹ́rà kan tó rà lọ́wọ́ fadá òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Àpótí dúdú ni, kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré kan lọ, ó sì ní ojú méjì níwájú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. A kì í gbé e sójú bí ẹ ti ń ṣe ti yín. Àyà la máa ń gbé e sí, a ó ṣí ìdérí orí rẹ̀, a ó tẹrí ba wo inú dígí kan, ibẹ̀ la ó ti rí ẹni tó jókòó níwájú wa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á di ọwọ́ òsì. Bó bá sún sí ìhín, dígí á sọ pé ọ̀hún ló sún sí. Ó máa ń pẹ́ kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kíá ni mo mọ̀ ọ́n, bóyá nítorí pé èmi fúnra mi kì í rìn tààrà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ojú òkè la fi ń wo nǹkan. Ojú ìsàlẹ̀ ló ń ya fọ́tò. Èyí lè là kí èkejì dí, ẹni tó ń wo inú dígí kò ní mọ̀. Ìdérí ojú méjèèjì tó bá kámẹ́rà náà wá ti sọnù, bàbá mi sì fi ọmọrí ìgò oògùn méjì rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, nítorí erùpẹ̀ pupa ọ̀nà wa kì í mọ ohun ọlọ́wọ̀.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ń lọ gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Idigny, ó sì mú mi dání. Àgbà méjìlá ní abúlé náà ló nílò fọ́tò fún káàdì ìdánimọ̀. Fíìmù kan ṣoṣo ló wà nínú kámẹ́rà, fọ́tò méjìlá péré ló sì ń gbà. Mo bẹ bàbá mi títí ó fi gbà kí n yà wọ́n nígbà tí òun bá ń gún abẹ́rẹ́. Ó gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó wọn ibi tí wọn yóò jókòó sí, ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o, kí n má fi ẹyọ kan ṣòfò, kí n má sì kánjú. Ẹ sì mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún.

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ jókòó. Opó ni, òun nìkan ló ń gbé yàrá kan ní ìpẹ̀kun abúlé, èkuru ló ń tà fún àwọn tó ń lọ sóko. Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti para, ó wé gèlè tí wọ́n pa láró. Ó bi mí pé ṣé kí òun mí ni àbí kí òun má mìí. Mo ní kó má mìí. Mo yọ ọmọrí ojú òkè, mo rí i kedere nínú dígí, títí kan ilà ojú rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí mo wò sàn, ó padà sídìí èkuru rẹ̀.

Ẹni kejì ti jókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀ láti fẹ́ eruku kúrò lára kámẹ́rà, ìgbà náà ni mo rí i pé ọmọrí ojú ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bí mo bá tún ìyá yẹn yà, ẹnì kan á ṣẹ́ kù láìní fọ́tò, bàbá mi á mọ̀ pé mo kánjú, kò sì ní fi kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́ mọ́. Mo yọ ọmọrí náà, mo jù ú sápò, mo ya àwọn mọ́kànlá tó kù. Mo sọ fún ara mi pé n ó wá fíìmù mìíràn, n ó padà wá yà á kí wọ́n tó fọ eléyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ bàbá mi ń lọ sí Pobè, ó sì bá a mú fíìmù náà lọ fún ayàwòrán tí yóò fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mọ́kànlá ló padà wá. Bàbá mi bi mí léèrè èkejìlá, mo ní mi ò mọ̀. Ó rò pé fíìmù ló bàjẹ́. Ó fi àwọn mọ́kànlá náà rán ọkùnrin kan tó wá gba oògùn láti abúlé yẹn, ó ní kó sọ fún ìyá náà pé òun á wá tún un yà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ló kún inú rédíò nígbà náà. Wọ́n ń mú àwọn ìyá arúgbó, wọ́n ń ní kí wọ́n jẹ́wọ́ níwájú èrò. Ọmọ méjì sì ti kú ní abúlé náà lásìkò òjò. Fọ́tò èèyàn mọ́kànlá wá jáde, ti ìyá tó ń dá gbé nìkan ni kò jáde. Kí lẹ rò pé wọ́n á sọ? Wọ́n ní ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà kì í ṣe òun gan-an, pé òun gan-an ti lọ síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ọkùnrin tó kó fọ́tò lọ ló padà wá ròyìn. Ó ní wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sun delegé, ìyẹn ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí abúlé, yóò sì mú un wá sí Kétu lọ́jọ́ ọjà kó wá jẹ́wọ́. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí ọjà pé.

Bàbá mi kọ̀wé sí delegé lójú ẹsẹ̀ pé fíìmù a máa bàjẹ́. Delegé fèsì pé kí ló dé tí kò fi bàjẹ́ fún àwọn mọ́kànlá yòókù. Bàbá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì fi í sápò.

Èmi nìkan ni mo ní èsì, mo sì ń gbé e kiri. Mo pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí, mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi, mo yí padà. Mo ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni. Ní ilé ẹ̀kọ́, bí wọ́n bá ń kọrin ní àárọ̀, mo kàn ń la ẹnu ni. Mo ń bẹ̀rù ẹgba, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ni kí wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ títí dòní.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, bàbá mi ń fi ọwọ́ nu mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn alùpùpù kékeré tó ń gùn, láàárọ̀, mo lọ fi ọmọrí ìgò oògùn náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Kò nà mí. Ó yí ọmọrí náà wò, ó ní kí n lọ gbé kámẹ́rà wá.

A bá ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti dojú ìkòkò èkuru dé, ẹnikẹ́ni kò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ń pọnmi fún un kò yọjú mọ́. Bàbá mi pe delegé, èrò pé jọ, ó ní kí n sọ̀rọ̀. Mo fi ọmọrí bo ojú ìsàlẹ̀ kámẹ́rà, mo ní kí delegé tẹrí ba wo inú dígí.

"Ṣé ẹ rí bàbá mi?"

Ó ní òun rí i dáadáa. Mo yí iwájú kámẹ́rà sí i. "Ojú tó ń ya fọ́tò ló dí yìí, ẹ ò sì mọ̀. Báyìí ni mo ṣe ya ìyá. Èmi ni mo gbàgbé, ìyá ò ṣe nǹkan kan."

Delegé ṣí i, ó dé e, ó tún wò ó. Ó kọjú sí bàbá mi, ó ní òun ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Làwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè wo inú dígí. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ba ayé èèyàn jẹ́ lánàá ti di eré ọmọdé.

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sọ́dọ̀, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ọjọ́ tí o yà mí gan-an lo ti rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"O sì dákẹ́."

Kò bú mi. Ó jókòó, bàbá mi tún un yà. Ìyàwó tó ń pọnmi gbé omi wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Kí fọ́tò náà tó padà dé láti Pobè, ìyá ti di ẹrù rẹ̀, ó ti kọjá ibodè sí Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, abúlé náà kò rí i mọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gbà. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ iye ohun tí irọ́ á ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Bàbá mi kò gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Ó wà lára àwọn méje yẹn. Àwọn mẹ́fà yòókù, lọ́wọ́ àwọn opó ayàwòrán ni mo ti rà wọ́n ní Pobè àti Sakété, àwọn tó fẹ́ kó wọn fún ọmọdé fi ṣeré. Mo ṣì máa ń fi méjì nínú wọn ya fọ́tò bí mo bá rí fíìmù. Fọ́tò méjìlá péré ni èèyàn lè yà, ó sì gbọ́dọ̀ dúró. Ara mi ò fẹ́ràn ìdúró, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi tipátipá kọ́ ọ.

Ayé ti yí padà. Ẹ tẹ fóònù, ẹ rí fọ́tò lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò bá dáa, ẹ pa á rẹ́. Kò sí ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ṣùgbọ́n mo ń rí ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ara yín, fọ́tò arúgbó tó ṣìnà, tí ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àjẹ́ ló já bọ́. Nígbà tiwa, fọ́tò tí kò jáde ló kó ìyá sí wàhálà. Nígbà tiyín, èyí tó jáde ni. Nígbà gbogbo ni ẹnì kan sì wà láàárín yín tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, tó ń wo fóònù, tó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni èmi fi dákẹ́. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti ń sọ ọ́, mi ò tíì sọ ọ́ tán.