Ìka Méjì fún Ọdún Tó Ń Bọ̀

Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí ọmọ ilé yẹn lójú títì kó má dá a mọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jẹ́ obìnrin, apá gáùn rẹ̀ á ti bo gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀, ọrùn aṣọ á sì máa yọ̀ lọ sí èjìká kan. Bí ẹ bá bi ìyá wọn pé kí ló dé, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Á dàgbà sí i." Ó ti sọ ọ́ títí tí àwọn ará àdúgbò ò fi rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Á-Dàgbà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i.

Aṣọ lílọ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ńlá kan wà ní ìkángun títì, ibẹ̀ ló ń dúró sí láti àárọ̀, áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ́wọ́, òógùn lójú, tí yóò máa lọ ṣẹ́ẹ̀tì olówó àti gáùn ìyàwó olówó. Bí ọ̀gá bá ti yíjú, á yí inú aṣọ síta kó lè wo bí wọ́n ṣe rán an. Ohun tó bá rí níbẹ̀, orí ọmọ tirẹ̀ ni yóò dán an wò. Ó ní máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan lábẹ́ fèrèsé pálọ̀, àti tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ọkọ rẹ̀ ló kan tábìlì náà. Káfíńtà ni ọkùnrin náà, kò sí ilé tí kò tíì kan àga sí ládùúgbò, ṣùgbọ́n tábìlì ìyàwó tirẹ̀ ń mì bí eyín arúgbó, páálí ni wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ọdọọdún ló ń ṣèlérí pé òun á tún un ṣe.

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Obìnrin ni àkọ́bí, ọkùnrin méjì tẹ̀lé e, obìnrin kékeré kan ló kádìí wọn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì dé ilé Ìyá Á-Dàgbà ni. Nínú ilé yẹn, ṣòkòtò kan náà ni èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọkùnrin á wọ̀ fún ọdún mẹ́ta, àbúrò á sì gbà á. Bí ọmọ bá ti ń ga, ìyá á tú ìṣẹ́tí rẹ̀ sílẹ̀, ojú ibi tí ìṣẹ́tí àtijọ́ wà á sì dúró gbọnin lára aṣọ. Tíṣà èyí àbúrò sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé òun ò nílò láti bi ọmọ yìí léèrè ọjọ́ orí, pé ìlà ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ lòun á kà. Ọmọ náà fi ẹ̀rín ròyìn rẹ̀ délé, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé kò mọ̀ ọ́n rán o. Ó mọ̀ ọ́n rán dáadáa. Ojú rírán rẹ̀ gún, bọ́tìnnì rẹ̀ kì í já, àpò tó bá fi sí ṣòkòtò, òkúta gan-an ò lè já a. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn ara nìkan ni kò bá àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́. Ta ló fẹ́ wọn ọmọ tí kì í dúró? Bó bá ti mú èyí lápá, ó ti sá lọ. Nítorí náà, aṣọ èṣí ni téèpù rẹ̀. Á tẹ́ aṣọ tí ọmọ wọ̀ ní èṣí sórí aṣọ tuntun, á fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, á wá fi ìka méjì lé e níbi gbogbo: ìka méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, méjì ní èjìká. Ìka méjì yẹn, ti ọdún tó ń bọ̀ ni. Kò tíì kùnà rí, bí ẹ bá gbà pé kí ọmọ máa lúwẹ̀ẹ́ nínú aṣọ kì í ṣe ìkùnà.

Ìgbà tí wàhálà máa bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Ó ra aṣọ búlúù kan bọ̀, tó ní àmì funfun tótòtó lára, aṣọ tó tutù lọ́wọ́, tí èèyàn ń fẹ́ máa fọwọ́ pa. Ó nà án sí àkọ́bí, ó ní kó wò ó, pé gáùn rẹ̀ ló fẹ́ fi rán. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọ náà. Ó wo aṣọ, ó wo ilẹ̀, ó wá rọra sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ má rán tèmi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra ti ilé ìtajà."

Àwọn ọkùnrin méjì tó ń jà lórí ìrọ̀rí kan dẹ́kun ìjà. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá wọn wọ egungun. Kì í ṣe pé ó bínú, ká ní ìbínú ni, ì bá rọrùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí èyí bá ti kọ̀, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, máṣíìnì á wá di ibi tí wọ́n ń gbé ìwé iléèwé lé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe láyé tí kì í ṣe ti olówó, tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an, ni aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní ó dáa, kí àwọn méjèèjì jọ ṣe àdéhùn. Òun á rán ọ̀kan yìí sí i. Bí ọmọ bá wọ̀ ọ́ jáde nílé fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Bí kò bá wọ̀ ọ́, òun ò ní rán aṣọ fún un mọ́ láyé òun, ilé ìtajà ni wọ́n á máa lọ. Ọmọ ní òun gbà. Bàbá wọn ni ẹlẹ́rìí. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí wọn kì í rán ṣòkòtò tòun nínú ilé yìí, nítorí òun ò lè dàgbà jù báyìí lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, ló bá bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ.

Ọjọ́ tí ìyá kò lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ mẹ́ta àgbà wà níléèwé, ló gbé aṣọ sílẹ̀. Ó tú àpótí àkọ́bí, ó wá gáùn èṣí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bá a, ní kíká sí mẹ́rin, lábẹ́ gbogbo nǹkan. Ó yà á lẹ́nu, nítorí gáùn yẹn ló dùn mọ́ ọn nínú jù ní èṣí. Oṣù kan péré tó rán an tán ló ti rí i pé ọmọ ti kún inú rẹ̀ dẹ́dẹ́, ó sì ti yangàn níbi iṣẹ́ pé ẹ wo bí ọmọ tèmi ṣe ń dàgbà bí àgbàdo. Ó tẹ́ ẹ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ó fi ìka méjì rẹ̀ lé e. Àbíkẹ́yìn wà lábẹ́ tábìlì tó ń ṣa gígékù aṣọ fún bèbí rẹ̀, ó ń kọrin tí kò lórí tí kò nídìí, ìyá náà ń bá a gbè é. Kò fi nǹkan kan du gáùn tuntun náà. Ó fi kọ́là kékeré roboto sí i, èyí tó rí lára gáùn ìyàwó olówó kan. Ó fi àpò pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rán inú rẹ̀ dáadáa bó ṣe rán òde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ wọ̀ ọ́ wò. Gáùn wọlé lórí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró níbi tí ara dúró sí. Èjìká bá èjìká. Ìbàdí bá ìbàdí. Apá aṣọ parí sí ọrùn ọwọ́, àwọn ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì wà níta gbangba.

Ara Ìyá Á-Dàgbà bù máṣọ. Ó fa aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rí nǹkan fà. Ó fa èjìká, kò rí nǹkan fà. Ó kígbe pé òun ti bà á jẹ́, pé aṣọ ti fún un, pé kó tètè bọ́ ọ kí òun lè wá nǹkan fi kún un. Ọmọ ò bọ́ ọ. Iwájú dígí ló lọ dúró sí, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ẹnu rẹ̀ ò sì pa dé mọ́. Ìyá ní nǹkan kan ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà tó ju èje lọ. Ìka òun ò kéré sí i, kò sì sí ọmọ tí í dàgbà tó báyìí lójú oorun. Ó gbé gáùn èṣí, ó yí inú rẹ̀ síta.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán tirẹ̀, ojú rírán mìíràn wà, tọ̀tún tòsì, ní èjìká àti lẹ́nu apá, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, kì í ṣe máṣíìnì. Wọ́n ti mú gáùn náà wọlé, ó sì tó ìka méjì gẹ́lẹ́. Ó mú un lọ sí ẹnu fèrèsé. Ojú abẹ́rẹ́ náà wẹ́, ó tò tẹ̀ lé ara wọn, kò sí èyí tó gùn ju èkejì lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò lè fọwọ́ rán tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Ó wá yé e. Ọmọ kò kún inú gáùn ní èṣí, gáùn ló bá ọmọ níbi tó wà.

Ọmọ ti kúnlẹ̀ kó tó bi í.

"Màámi, ẹ má bínú. Aṣọ yín dára, ó wù mí. Ṣùgbọ́n aṣọ ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa ń rán fún mi, èmi sì rèé lọ́dún yìí."

Ìyá náà wò ó. Ó wo èjìká ọmọ rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀ nínú kọ́là roboto, ó sì ṣe é bíi pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ náà wọlé wá hàn án. Abẹ́rẹ́ ló bèèrè, pé èwo ló fi rán an. Ọmọ ní èyí tó sọnù ní èṣí ni. Ilé wá dàrú wàyí. Abẹ́rẹ́ yẹn kan náà ni ìyá wọn ti ń fẹ̀sùn rẹ̀ kan àwọn ọkùnrin méjèèjì fún odindi ọdún! Wọ́n fò sókè, wọ́n ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n ní ìdájọ́ òdodo làwọn ń fẹ́. Bàbá wọn ní kí ìyá wọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ó tọrọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún gbá èyí tó ń pariwo jù létí fẹ́ẹ́rẹ́.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé àdéhùn. Wíwọ̀ wò nínú pálọ̀ kì í ṣe wíwọ̀ jáde. Ọmọ bọ́ gáùn, ó ká a, ó kó o sínú àpótí, kò sì tún sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, aṣọ iléèwé ni ọmọ ń wọ̀ lọ, tó ń wọ̀ bọ̀. Níbi iṣẹ́, Ìyá Á-Dàgbà gbé áyọ́ọ̀nù lé ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó yára gbé e. Obìnrin tí kò bẹ̀rù ọ̀gá, tí kò bẹ̀rù onílé, gáùn búlúù kan ló ń já a láyà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó ní kí àkọ́bí lọ ra búrẹ́dì wá. Ọmọ ní ó dáa. Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde. Gáùn náà ló wọ̀. Ìyá ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òwú kọ̀, kò wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. Ló bá ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kan kọ́là, wọ́n rí àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀kan bi í pé ilé ìtajà wo ló ti rà á, nítorí ibẹ̀ ni màmá òun máa mú òun lọ lónìí yìí.

Ìyá náà tẹ́tí sí i. Irọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tó rọrùn jù fún ọmọ láti pa, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi?

"Wọn kì í tà á," ni ọmọ náà wí. "Màámi ni wọ́n rán an."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun bẹ màmá ẹ̀ kí wọ́n rán ọ̀kan fún òun náà. Ìyá Á-Dàgbà ti fẹ́ yọrí síta láti sọ pé kó wọlé wá, pé òun á rán an fún un, bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó yẹn. Ọmọ ti dáhùn kó tó lè la ẹnu.

"Rárá o. Àwa tí wọ́n bí nìkan ni wọ́n ń rán fún."

Ìyá fa orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí tábìlì tó ń mì. Àbíkẹ́yìn yọ lábẹ́ tábìlì, ó wò ó lójú, ó bi í pé ta ló nà wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó nà mí, ọmọ mi," ló wí. "Inú mi ló dùn."