Ìmọ́lẹ̀ Tó Mú Wa Dá Èbù Padà

N kò lè gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi dá èbù iṣu padà, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi mọ́tò gbé láti Idogun wá fún wa ní Ute. Ẹ̀gbọ́n náà bẹ̀rù pé èbù wa ti kú nínú àká. Bàbá kò fẹ́ la ọ̀kankan wò, nítorí èyí tí a bá là kì í pẹ́ jẹrà.

Mo ti kà á pé èròjà ìdí tanátaná, kòkòrò tó ń tàn lálẹ́, kì í tàn láìsí agbára tó wà nínú ohun alààyè. Mo mú tanátaná mélòó kan, mo lọ ìdí wọn mọ́ omi títí ìmọ́lẹ̀ wọn fi kú, mo ti fèrèsé, mo sì fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú ọ̀kan lára èbù wa kán sí i. Ó tàn yòò!

“Dókítà tanátaná, ṣé ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè, Bàbá.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbé tiyín lọ o!”

Nígbà tí mọ́tò ẹ̀gbọ́n lọ, Bàbá ní kí Ìyá se ọ̀kan nínú èbù wa, ká fi yọ̀. Ìyá là á. Inú iṣu náà ti jẹrà, ó dúdú. Ó la òmíràn, bákan náà ni. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ iṣu náà ló wà láàyè, òun ló tan ìmọ́lẹ̀ mi.

Bàbá ń là wọ́n lọ, kò wojú mi. Lọ́dún náà, koríko ló hù lórí ebè wa.