Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Wá Èrò

Lọ́jọ́ ọjà Ejìnrìn, Bísíríyù Ògúnsànyà máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú. Kò ní ohun tó fẹ́ rà, kò sì ní ohun tó fẹ́ tà. Ìdí ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, á kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé Ejìnrìn, á sọ̀ kalẹ̀, á kí àwọn ará ilé, á jẹ ẹ̀kọ, á tún bá ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó tó bá a padà sílé.

Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ojú omi ni. Ejìnrìn ni wọ́n bí i sí, Ẹ̀pẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, Ìkòròdú ló ti di bàbá Rodiat. Ọ̀sà tó so ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni ayé rẹ̀. Ojú omi yẹn ló ti kọ́kọ́ rí Hàbíbàt tó padà di ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé agbọ̀n ata lé itan, oorun ń kùn ún, orí rẹ̀ ń sọ̀ sí èjìká ẹni tó jókòó tì í. Bísíríyù lẹni náà. Kò mira títí wọ́n fi dé Ẹ̀pẹ́.

Hàbíbàt ti kú. Ejìnrìn ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Bísíríyù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ọjọ́ ọjà láìní ohun tó ń lọ ṣe. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń ná ọ̀nà náà. Ọkọ̀ fáíbà gígùn ni, funfun. Bùsàrí, ọ̀rẹ́ Bísíríyù, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Bùsàrí náà kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Morádéyọ̀, gbà á. Lọ́dún tó kọjá, Morádéyọ̀ yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò, ó ra ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní igba ẹṣin. Bí ó bá gbéra, imú ọkọ̀ á gbé sókè, omi á là sí méjì lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fà ya.

Ẹ́ńjìnnì ojú omi kì í gbé omi tirẹ̀ rìn. Omi ọ̀sà ló ń fà sínú láti fi tu ara rẹ̀, tó sì ń tú dà sílẹ̀ láti ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn oníṣẹ́ máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń tọ̀. Bí ìtọ̀ náà bá le, ara rẹ̀ dá. Bí ó bá rọ̀, kí atukọ̀ tètè pa á, torí inú rẹ̀ ti ń gbóná. Ẹ́ńjìnnì tuntun yìí tún ní géèjì kan níwájú atukọ̀, tó ń fi hàn bóyá agbára omi tó ń wọlé tó tàbí kò tó.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni kò ti tó mọ́. Bí wọ́n bá ń rọra kúrò ní èbúté, ọwọ́ géèjì á dúró dáadáa. Bí Tàjùdéèn, atukọ̀, bá fún un níná, ọwọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Láìpẹ́ àlámù á ké, ẹ́ńjìnnì á kú. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, wọ́n léfòó láàárín ọ̀sà títí àwọn apẹja fi wá fi okùn fà wọ́n dé èbúté. Ìyá arúgbó kan ń ké kálímà títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Morádéyọ̀ wá bá Bísíríyù ní Ìpakodò, níbi tí wọ́n fa ọkọ̀ sí lórí iyanrìn.

"Bàbá Rodiat, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ́ńjìnnì yìí á gbádùn?"

"Á gbádùn."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá."

"Mo ṣì ń sọ ọ́."

Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín. Morádéyọ̀ ò rín.

"Àwọn oníyanrìn tún ti pè mí. Wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ náà máa kó òṣìṣẹ́ wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn. Ibẹ̀ ò jìnnà, kò ní sáré. Mi ò lè máa kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ohun tó ń kú láàárín omi, bàbá. Bí ó bá tún kú lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ yìí, màá fún wọn."

"Ìwọ lo ni ọkọ̀."

"Ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú."

Kò bínú lóòótọ́. Òun náà ti gbọ́ kálímà ìyá yẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ yìí bá kúrò lójú ọ̀nà, òmíràn ò ní rọ́pò rẹ̀. Á kù ú ku ọ̀nà títì, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìmọ̀ta, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń tò lọ sí iléeṣẹ́ ìrẹsì, tí èèyàn á sì rìn dé Ejìnrìn láìfojú kan omi. Á dé ibojì Hàbíbàt. Kò ní gba ibi tí Hàbíbàt ti sùn lé e léjìká.

Ó dojú kọ ẹ́ńjìnnì. Ó tú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó yọ rọ́bà tó ń fa omi, tí apá rẹ̀ yọ yíká bí òdòdó. Rọ́bà náà dára, síbẹ̀ ó fi tuntun sí i, torí yanrìn ọ̀sà máa ń jẹ ẹ́. Ó ti wáyà bọ àwọn ihò tí omi ń gbà wọlé, ó fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti gbòǹgbò koríko ojú omi jáde. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ti rí i. Ó tún yẹ ọ̀nà omi tó kù wò títí dé orí ẹ́ńjìnnì, kò sí ibi tó dí. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù omi sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tan án. Ó tọ̀ gbọọrọ, omi ń ta jìnnà sórí iyanrìn.

"Ẹ ò rí i, bàbá? Ó ń tọ̀ bí ẹṣin," Tàjùdéèn wí.

"Nínú dúrọ́ọ̀mù ni. Dúrọ́ọ̀mù kọ́ là ń wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Ó jókòó ti ẹ́ńjìnnì náà títí oòrùn fi rọ̀. Láyé ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ọwọ́ lásán ni yóò fi lé e lórí tí yóò fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀pẹ́ ló ti kọ́ ìyẹn, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í sọ̀rọ̀ kó tó jẹun àárọ̀. Ọ̀gá náà á mú ọwọ́ rẹ̀, á gbé e lé ẹ́ńjìnnì, á sì máa wò ó lójú. Tuntun yìí ní ìdérí rọ́bà tó nípọn. Bí èèyàn gbọ́wọ́ lé e, kò ní sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ ọjà dé. Ìwọ̀nba èrò díẹ̀ ló wọlé: Fàlílátù tó ń ta ẹja yíyan, obìnrin méjì tó ń bá a tà, àti àwọn bíi mélòó kan tí wọ́n ní ẹrù tí wọn ò fẹ́ gbé gba títì. Gbogbo wọn jókòó síwájú, níbi tí ìbòjì wà. Morádéyọ̀ náà wọlé, ó di fóònù mú, ó dúró lẹ́yìn Tàjùdéèn. Bísíríyù lọ síbi tó máa ń jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n kọjá àwọn ọkọ̀ oníyanrìn, Tàjùdéèn fún un níná. Imú ọkọ̀ gbé sókè. Bísíríyù ń wo omi tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó le. Lẹ́yìn náà ó tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ó ń já, bí ẹni ń tutọ́.

"Bàbá, ó ti ń wálẹ̀ o," Tàjùdéèn ké sí i.

Bísíríyù tẹjú mọ́ omi náà. Morádéyọ̀ yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún kọjú sí géèjì.

Ìgbà yẹn ni Fàlílátù dìde níwájú, tó ń fọwọ́ di àga mú bọ̀. Òun àti Bísíríyù jọ dàgbà ní Ejìnrìn, ọ̀rẹ́ Hàbíbàt sì ni.

"Ọkọ Hàbíbàt, ojú rẹ ti rí bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí iná."

"Jókòó síbi tó o wà, Fàlílátù."

"Omi ń fọ́n sí mi lójú níbẹ̀. Sún." Ó yíjú sí àwọn méjì tó bá a wá. "Ẹ máa bọ̀ ńbí jàre, ẹ jẹ́ ká wo mẹkáníìkì tí ẹ́ńjìnnì ń bẹ̀rù."

Àwọn méjèèjì wá, tàwọn ti agbọ̀n ẹja. Kò sí èyí tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú wọn. Wọ́n há Bísíríyù mọ́ ara ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá," Tàjùdéèn tún ké, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ó ti gòkè. Kí lẹ fọwọ́ kàn?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Omi ń tú jáde, ó nípọn, ó lọ jìnnà. Ó wo Fàlílátù.

"Dìde."

"Ṣé orí rẹ ni mo jókòó lé ni?"

"Dìde, padà síwájú. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́."

"Morádéyọ̀, wá wo bàbá yìí o, ó ń lé oníbàárà rẹ."

Wọ́n lọ, wọ́n ń kùn. Omi náà tín-ín-rín. Bísíríyù ní kí wọ́n máa padà bọ̀. Omi náà nípọn. Ó tún ní kí wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ọkọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Fàlílátù, ìdí rẹ ló ń wo ẹ́ńjìnnì yìí sàn," Bísíríyù wí.

"Ó ti ń wo nǹkan sàn tipẹ́. Ìwọ ni ò mọ̀."

Bísíríyù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wo ibi tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Pákó kan wà lábẹ́ apá irin tó fi dì mọ́ ọkọ̀. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà funfun mọ́ ara ọkọ̀ débi pé ojú ò yà á sọ́tọ̀ mọ́. Òun gan-an ló fi í síbẹ̀.

Bí àwọn ọlọ́kọ̀ Ejìnrìn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi fà, wọ́n á fi pákó gbé ẹ́ńjìnnì sókè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà gbá yanrìn lẹ́nu èbúté. Bí òjò bá dé, wọ́n á yọ ọ́. Lọ́dún tí wọ́n fi pákó sí ọkọ̀ yìí, òjò dé, Bísíríyù mú sípánà, ni Bùsàrí bá ní kó fi í lẹ̀. "O fẹ́ yọ ọ́ ṣe kí ni? Ṣé o ò rí bí ọkọ̀ ṣe ń rì bí èrò bá wọ̀ ọ́ tán ni?"

Òótọ́ sì ni. Nígbà yẹn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń bá etí ọkọ̀ dọ́gba. Èèyàn jókòó sórí ẹrù, ọmọdé jókòó sórí èèyàn, ewúrẹ́ wà lábẹ́ àga, ẹnìkan á máa ta mọ́ínmọ́ín láàárín wọn. Bùsàrí á dúró níwájú, á máa kígbe pé, "Ẹ sún mọ́ra yín, ẹ kì í ṣe ọ̀tá." Lọ́dún yẹn, ẹnu èbúté Ejìnrìn ń pariwo débi pé wọ́n á ti gbọ́ ọjà kí wọ́n tó rí i. Ìdí ọkọ̀ jìn sómi. Ẹ́ńjìnnì ń mu omi ní àmuyó, pákó ò pákó.

Báyìí tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú kí títì gbẹ, ó ti kó èrò tó kù lọ. Ọkọ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tuntun sì lágbára. Bó bá ti sáré, gbogbo ara ọkọ̀, títí kan ìdí rẹ̀, á gbé sókè, ihò tó ń fa omi á sún mọ́ ojú omi, á máa gbé afẹ́fẹ́ mì. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n gbé e kọ́ dè, àwọn èèyàn náà ni ò sí mọ́.

Wọ́n dé Ejìnrìn, àlámù ò ké, torí Fàlílátù ò kúrò nídìí ọkọ̀. Morádéyọ̀ wá dúró ti Bísíríyù létí omi.

"Kí ló ṣe é?"

Ó fi pákó náà hàn án. "Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Èmi àti bàbá ẹ. Ó yẹ ká ti yọ ọ́ tipẹ́."

Morádéyọ̀ fọwọ́ kan pákó náà. "Mo rò pé ara ọkọ̀ ni."

"Èmi náà ti gbàgbé pé kì í ṣe ara ọkọ̀."

"Ẹ yọ ọ́ báyìí. Tí a bá fi dé Ẹ̀pẹ́ láìsí wàhálà, mi ò ní fún àwọn oníyanrìn mọ́."

Àwọn ọkùnrin tó wà létí omi bá a fi okùn gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè, ó yọ pákó, ó tún dè é mọ́ ọkọ̀. Ihò àtijọ́ tí bóòtù ẹ́ńjìnnì ń gbà wọlé ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà ló dí i. Tàjùdéèn dúró, ó gbọ́wọ́ léwọ́.

"Bàbá, ó máa gbá yanrìn lẹ́nu èbúté o."

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, kó o fi ọ̀pá ti ọkọ̀ jáde dé ibi tó jìn. Ṣé o ò mọ ọ̀pá lò ni?"

"Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n gbà mí fún."

"Wọ́n ti wá gbà ọ́ fún ọ̀pá náà."

Nígbà tí wọ́n parí, èrò Ẹ̀pẹ́ ti ń wọlé, wọn ò pọ̀. Bísíríyù ò ráyè dé ibojì lọ́jọ́ náà. Fàlílátù ti lọ sínú ọjà. Tàjùdéèn fi ọ̀pá tì wọ́n jáde, ó ń mí gúlegúle, lẹ́yìn náà ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó tan án, ó fún un níná. Imú ọkọ̀ gbé sókè. Kò sẹ́ni tó jókòó sídìí ọkọ̀ àfi Bísíríyù, kò sì sanra. Ó wo omi tó ń jáde. Ó nípọn. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń kọjá àwọn ìgèrè apẹja, bí igbó etí omi ṣe ń lọ sẹ́yìn, bí àwọn ilé Ẹ̀pẹ́ ṣe ń yọ. Níwájú, Morádéyọ̀ ò gbójú kúrò lára géèjì.

Ní èbúté Ẹ̀pẹ́, ó pe àwọn oníyanrìn lórí fóònù. "Ẹ má bínú. Ọkọ̀ náà ṣì ń ná ọjà." Ó gbé fóònù sápò, ó wá bá Bísíríyù.

"Àmọ́ èrò ò sí, bàbá."

"Mo rí i."

"A máa ná an títí òjò á fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ká wò ó."

"Ó dáa, ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sí Ìkòròdú, obìnrin kan gun ọkọ̀ pẹ̀lú àpò kan lọ́wọ́, ó béèrè ibi tí òun máa jókòó sí. Tàjùdéèn wo Bísíríyù.

"Ibi tó bá wù yín ni," Bísíríyù dáhùn.

Obìnrin náà wo àwọn àga tó ṣófo. Ó jókòó sórí ọ̀kan, ó tún dìde, ó lọ jókòó sí òmíràn tó sún mọ́ omi, ó sì gbé àpò rẹ̀ sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.