Títí Ohùn Yóò Fi Gún

Ìkùukùu kì í tètè kúrò lórí àwọn ilé Stockbridge láàárọ̀, àfi bí ẹni pé oorun kò tíì dá lójú àwọn igi ibẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni Oyèrónkẹ́ ti máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tí yóò máa retí ìkíni kan tí kò wá mọ́.

Láti ọjọ́ tó ti Ìwó dé sọ́dọ̀ Mojísọ́lá, ọmọ rẹ̀, nílùú òyìnbó yìí, ló ti ń kọ́ Tẹ́ní, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ní ìkíni. Bí Tẹ́ní bá kúnlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì wọ́, ìyá àgbà kì í jẹ́ kó dìde títí ohùn yóò fi gún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà dìde láìgbàṣẹ, ó fa báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde lọ. Láti ìgbà náà, “Hi, Grandma” ló kù láàárín wọn.

Ìyá àgbà rò ó pé bí òun bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á tún máa bá òun sọ̀rọ̀. Ló bá ń tẹ̀ lé Mojísọ́lá lọ sí Clarkston, níbi tí olùkọ́ kan, Tasneem, ti ń kọ́ àwọn àlejò ní Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́jọ́ kan, Tasneem ya òdòdó àti ìyẹ̀fun sára pátákó, ó kọ flower àti flour sí wọn nídìí, ó ní bákan náà ni wọ́n ń dún létí. Etí Oyèrónkẹ́ kò gbà á. Níbi tí wọ́n ti bí i, ohùn ló ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Nígbà tó kàn án, ó gbé ohùn òdòdó sókè fíofío, ó rẹ ti ìyẹ̀fun sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Wọ́n ní kó tún un pè. Ó tún un pè, ó tún un pè, òdòdó ṣì ń lọ sókè.

“Ìyá, ṣé ká máa gbè é ni?” Yakub, bàbá ará Ìlọrin tó jókòó tì í, ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oyèrónkẹ́ wà lórí ìdúró, orúnkún ń dùn ún, ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń sún jìnnà sí i díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń lálàá, títí tó fi dà bíi pé orí kápẹ́ẹ̀tì ilé ni òun kúnlẹ̀ sí, tí òun ń wo ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan tí kò fẹ́ dá òun sílẹ̀. Tasneem ní ohun tó sọ ti yé òun, kó jókòó.

Lọ́sàn-án, ó bá Tẹ́ní nídìí tábìlì nílé, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ọmọ náà gbọ́ orin tó ń fi wọ́n kọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà jẹ́ kó rín in tán.

“Tẹ́ní, bí o bá tún fẹ́ kí mi, bó bá ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ ni kó bọ́. N kò ní dá ọ dúró mọ́.”

“Promise?”

Ìyá àgbà ní òun kò mọ ìyẹn.

Tẹ́ní wo òrùlé, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri. “O tumo si pe... e o ni gbagbe. E o ni binu.”

Kò sí èyí tó gún nínú ohùn wọ̀nyẹn. Oyèrónkẹ́ gbọ́ gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì tún ìkankan ṣe.

“N kò ní gbàgbé,” ló wí.